Ta Ló Ń Tò Fún Ẹ̀bùn Ọgbọ́n?

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, bọ́ọ̀sì 177 tó ń ti Peckham bọ̀ ní Thamesmead máa ń kún fún aṣọ funfun, gèlè, Bíbélì àti abọ́ ìrẹsì tí wọ́n fi ọ̀rá wé. Bó bá ti kọjá Woolwich, tó wọ Plumstead High Street, èrò á máa sọ̀ kalẹ̀. Eléyìí ń lọ sí Sẹ̀lẹ́, tọ̀hún ń lọ sí Kérúbù, àwọn mìíràn ń lọ sí Rìdíìmù tàbí Christ Apostolic Church (CAC), tàbí sí ìjọ kékeré kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 2021, àwọn tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó ń gbé ní England àti Wales tó nǹkan bí 270,000, ẹkùn yìí sì wà lára ibi tí àwọn ènìyàn wa fìdí kalẹ̀ sí jù ní London.

Bí ẹ bá dá èyíkéyìí nínú wọn dúró tí ẹ bi í pé ẹ̀bùn Ẹ̀mí Mímọ́ wo ló wù ú, ẹ ó gbọ́ ìran, àsọtẹ́lẹ̀, ìwòsàn, èdè àjèjì. Ìdáhùn tó dára ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń to ẹ̀bùn wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ fún àwọn ará Kọ́ríńtì, nínú orí kejìlá lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́ sí wọn, ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ló kọ́kọ́ dárúkọ. Ní ìṣọ́ òru wa, à ń gbàdúrà kí ọ̀run ṣí, kí ìwé jáde, kí ọ̀tá kó ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́nà. Ọgbọ́n, ìgbà tí ìdánwò àwọn ọmọ bá kù sí dẹ̀dẹ̀ la sábà ń rántí rẹ̀. Mo kọ àpilẹ̀kọ yìí nítorí ó dá mi lójú pé òun gan-an ni àwọn Kristẹni tó ń gbé láti Woolwich dé Thamesmead ṣaláìní jù lọ báyìí, àti pé ó wà láàárín wa ju bí a ti ń bọlá fún un lọ.

Ẹ bá mi dé Nathan Way, ní ìpàdé Plumstead àti Thamesmead, níbi tí àwọn ilé ìkẹ́rùsí àti ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì wà. Láàárín ọ̀sẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wọlé jáde níbẹ̀. Tó bá di Sunday, ìlù á bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́yìn ilẹ̀kùn irin, orúkọ ìjọ á sì hàn lára ògiri tó kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń tún táyà ṣe. Ẹ wọlé: kápẹ́ẹ̀tì pupa, àga oníke tí wọ́n fi aṣọ bò, ìlù tí wọ́n fi gíláàsì yí ká kí ariwo rẹ̀ má baà pọ̀ jù. Lẹ́yìn pẹpẹ, yàrá kékeré kan wà tí kò ní fèrèsé. Àpótí omi inú ike wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń da ìwé kọ, kẹ̀kẹ́ ọmọ tí ẹnì kan gbé sílẹ̀, àti tábìlì kan. Ibẹ̀ ni ẹni méjì tí kì í ṣe ẹbí ara wọn ti ń ka owó ọrẹ. Ọ̀kan ń kà, èkejì ń kọ, wọn a sì pààrọ̀, wọn a tún un kà. Wọ́n ya àwọn àpò ìwé Gift Aid sọ́tọ̀, nítorí ìjọba ń fi pẹ́ńsì 25 lé gbogbo pọ́n-ùn kan tí ẹni tó ń san owó orí bá fi sínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì fọwọ́ síwèé kí wọ́n tó di ẹnu àpò náà. Kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ní Wednesday, yàrá yìí kan náà ni àwọn tí ọkàn wọn gbọgbẹ́ ti ń wá jókòó láti gba ìmọ̀ràn. Bí ẹ bá bi mí níbi tí ẹ̀bùn ọgbọ́n ti ń ṣiṣẹ́ jù nínú ìjọ, yàrá yẹn ni n ó nàka sí.

Ọgbọ́n tí à ń wí yìí kì í ṣe ti ìwé kíkà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó gba oyè dókítà ni kò ní in, ọ̀pọ̀ ìyá tí kò mọ̀wé ló sì ní in. Kì í ṣe ọgbọ́n àrékérekè pẹ̀lú. Jákọ́bù là á mọ́lẹ̀ nínú orí kẹta ìwé rẹ̀: èyí tó ti òkè wá mọ́, ó fẹ́ àlàáfíà, ó ṣeé bá sọ̀rọ̀, kò sì ní àgàbàgebè. Àwọn ìjọ Àgùdà ń kọ́ àwọn ọmọ wọn pé òun ni àkọ́kọ́ nínú ẹ̀bùn méje tí Ẹ̀mí ń fúnni, wọ́n sì gbé e ka ọ̀rọ̀ Aísáyà. Bí èmi bá máa là á lọ́rọ̀ ara mi, n ó sọ pé ẹ̀bùn yìí ni kí Ẹ̀mí Ọlọ́run jẹ́ kí ènìyàn mọ ohun tó tọ́ láti ṣe lórí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí, fún ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ yìí, lónìí. Ìmọ̀ lè sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ fún wa. Àsọtẹ́lẹ̀ lè sọ ohun tó ń bọ̀. Ọgbọ́n ló ń sọ ohun tí a ó ṣe ní Monday.

Gbogbo wa la mọ ìtàn Sólómọ́nì àti àwọn ìyá méjì tó ń jà sí ọmọ kan. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í wàásù lé lórí: ọba náà kò ríran. Ọlọ́run ì bá fi ìyá ọmọ náà hàn án lójú oorun, torí ó ti bá a sọ̀rọ̀ lójú oorun rí ní Gíbéónì. Kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yìí. Sólómọ́nì gbọ́ ẹnu àwọn méjèèjì, ó tún ẹjọ́ wọn sọ ní gbangba kí ó lè hàn pé ó gbọ́ ọ yé, lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó mú kí òtítọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àánú ìyá ló jẹ́rìí. Bí wòlíì kan bá nàka sí ọ̀kan nínú wọn, èkejì á ní ojúsàájú ni. Ọgbọ́n mú ẹ̀rí jáde tí gbogbo Ísírẹ́lì lè fi ojú ara wọn rí. Ọba yìí kan náà ló sì di àjàgà owó orí lé àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́rùn nígbà tó dàgbà, tí ọkàn rẹ̀ yí kúrò lẹ́yìn Olúwa, tí ìjọba náà fi ya sí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó gba ẹ̀bùn yìí lánàá gbọ́dọ̀ tún bèèrè rẹ̀ lónìí.

Ìtàn tó sún mọ́ Plumstead jù lọ lójú tèmi wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí kẹfà. Ìjọ Jerúsálẹ́mù ń dàgbà, oúnjẹ ojoojúmọ́ tí wọ́n ń pín fún àwọn opó kò sì kárí. Àwọn tó ń sọ èdè Gíríìkì, tó ti ìlú òkèèrè wá, ń kùn pé wọ́n ń fojú fo àwọn opó tiwọn. Ẹjọ́ àjèjì àti onílé nìyẹn. Àwọn àpọ́sítélì ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje tó ní orúkọ rere, tó kún fún Ẹ̀mí àti ọgbọ́n. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń wá ọgbọ́n sí: pípín oúnjẹ. Ẹ tún wo orúkọ àwọn tí wọ́n yàn: Sítéfánù, Fílípì, Pírókórù, Níkánórì, Tímónì, Páménásì, Níkóláùsì. Orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn. Ìjọ fi kọ́kọ́rọ́ ilé oúnjẹ lé ẹ̀gbẹ́ tó ń ráhùn lọ́wọ́, ìkùnsínú sì parí, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sì ń tàn kálẹ̀ sí i.

Mo máa ń ronú lórí èyí tí mo bá wọ ìjọ wa kan tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí jù, tí àwọn ará Sierra Leone díẹ̀, àwọn Ìgbò díẹ̀ àti ará Gánà jókòó sẹ́yìn. À ń kọrin Yorùbá, à ń ṣe àwàdà Yorùbá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tí a ti rẹ́rìn-ín tán. Àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ ńkọ́? Àwa náà ni. Plumstead fúnra rẹ̀ kún fún ará Nepal àti Púńjábì, pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí bàbá wọn ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìbọn Royal Arsenal ní Woolwich. Bí ìjọ kan bá wà níbẹ̀ fún ogún ọdún tí aládùúgbò kò sì mọ ohun mìíràn nípa rẹ̀ ju ariwo òru lọ, ọgbọ́n Jerúsálẹ́mù kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Òfin 1990 lórí àyíká fún kánsù lágbára láti fi ìwé kìlọ̀ fún ilé tí ariwo rẹ̀ bá ń di ìyọnu fún àdúgbò. Alàgbà tó ní kí ẹ jẹ́ ká pa ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní agogo mẹ́wàá, kí a fi ohùn ẹnu gbàdúrà di òwúrọ̀, kò pa iná Ẹ̀mí. Òun ni kì í jẹ́ kí àdúgbò sọ̀rọ̀ òdì sí orúkọ Jésù.

Ilé ìjọsìn náà ń béèrè ọgbọ́n. Nínú òfin ilé kíkọ́ ní England, ilé ìkẹ́rùsí kì í ṣe ilé àdúrà; ẹni tó bá fẹ́ yí i padà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ kánsù. Ìjọ tó bá fọwọ́ sí ìwé ilé ọdún mẹ́wàá nítorí wọ́n rí ilẹ̀kùn tó ṣí nínú ìran, tí kò bi kánsù léèrè, lè ti jẹ gbèsè kí wọ́n tó ní kó jáde. Ó ṣeé ṣe kí nǹkan rí bí ó ti yẹ. Ilé sinimá ńlá méjì tó ṣí ní Woolwich ní 1937, Odeon àti Granada, tí wọ́n kọjú síra wọn, ti di ilé Ọlọ́run lónìí: New Wine Church wà nínú ọ̀kan, Christ Faith Tabernacle sì wà nínú èkejì, èyí tí ìjọba fi sí ipò kejì tó ga jù lọ nínú àwọn ilé tí a kò gbọ́dọ̀ bà jẹ́. Láti tọ́jú irú ilé bẹ́ẹ̀, ènìyàn gbọ́dọ̀ mọ àdúrà, kó sì mọ òrùlé.

Ẹ jẹ́ ká padà sí yàrá tí kò ní fèrèsé yẹn, ní Wednesday. Irú ọ̀rọ̀ tó ń wọlé lemọ́lemọ́ nìyí. Obìnrin kan ti Ìbàdàn wá ní 2023 láti ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, tí gbogbo wa ń pè ní kéà. Ọkọ àti ọmọ méjì bá a wá. Ó yá owó kó tó kúrò nílé. Ní báyìí, ilé-iṣẹ́ tó mú un wá ti pàdánù ìwé àṣẹ rẹ̀, Home Office sì kọ lẹ́tà pé kó wá ilé-iṣẹ́ mìíràn láàárín ọjọ́ 60. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀.

“Ẹ gbà mí, mà. Kí ni Olúwa ń wí?”

“Dìde, ọmọ mi, jókòó. Lẹ́tà yẹn dà?”

“Ó wà nínú báàgì mi, mà. N kò tíì lè kà á tán.”

“Ó dáa. Ọjọ́ wo ni wọ́n kọ sí i lórí? Mú un wá, ká jọ kà á.”

Nínú ìbéèrè méjì yẹn ni mo ti rí Ẹ̀mí Mímọ́. Ìyá ìjọ yẹn lè sọ pé, “Olúwa ní o kò ní padà sẹ́yìn,” obìnrin náà á sì jó jáde, ọjọ́ á sì máa lọ. Dípò bẹ́ẹ̀, ó wá ọjọ́ tí kíkà ti bẹ̀rẹ̀. Ó bi í bóyá ọkọ rẹ̀ ti gbọ́, ó bi í bóyá oúnjẹ wà nílé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan òfin gan-an, ó dákẹ́, ó sì wá nọ́ńbà agbẹjọ́rò tó gba àṣẹ. Ìdákẹ́ yẹn gan-an jẹ́ ọgbọ́n: òfin 1999 lórí wíwọlé-gbé ka fífúnni ní irú ìmọ̀ràn yìí láìgba àṣẹ sí ọ̀ràn, bó ti wù kí onímọ̀ràn náà jẹ́ ẹni Ọlọ́run tó. Òfin ọ̀hún kì í sì í dúró lójú kan. Láti 11 March 2024, àwọn tó ń bọ̀ wá ṣe kéà kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Nígbà tó fi di 22 July 2025, ìjọba ti ilẹ̀kùn mọ́ gbígba òṣìṣẹ́ kéà tuntun láti òkèèrè. Ẹni tó ń fi ohun tó mọ̀ ní 2022 gba ènìyàn nímọ̀ràn lónìí, ó lè ba ayé ẹni náà jẹ́ tìfẹ́tìfẹ́. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ìyá náà wá di ọwọ́ rẹ̀ mú, tí wọ́n gbàdúrà. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ọ̀rọ̀ owó le ju ti ìwé lọ, torí ojú ń tì wá láti bi ẹni tí a jọ ń sìn ní ìbéèrè. Richard Rufus gba bọ́ọ̀lù fún Charlton, tí kò jìnnà sí Woolwich rárá, láti 1993 títí di 2004. Kristẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni, ó sì ní òun mọ òwò pàṣípààrọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ará ìjọ kó owó fún un. Láàárín 2009 àti 2010, ìjọ KICC, ọ̀kan lára àwọn ìjọ adúláwọ̀ tó tóbi jù ní London, fi mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn sọ́wọ́ rẹ̀. Mílíọ̀nù 3.9 nínú rẹ̀ ló wọmi. Charity Commission, àjọ tó ń bójú tó àwọn ẹgbẹ́ aláàánú, ṣe ìwádìí, ó sì sọ ní 2016 pé àwọn alábòójútó ìjọ náà kò ṣe àyẹ̀wò tó yẹ kí wọ́n tó kó owó jáde. Ní January 2023, ilé ẹjọ́ fi Rufus sẹ́wọ̀n ọdún méje àbọ̀ fún jìbìtì. Mi ò sọ èyí láti fi ìjọ kan ṣẹ̀sín. Ìbànújẹ́ ló jẹ́ fún gbogbo wa, owó àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru sì wà nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá dìde nínú ìgbìmọ̀ tó ní, “Ẹ dákun, ta ló ti yẹ ìwé ìṣirò ọkùnrin yìí wò?” ẹ̀bùn Ẹ̀mí ló ń lò. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa, irú ẹni bẹ́ẹ̀ la máa ń pè ní aláìnígbàgbọ́, tàbí ẹni tó ń ta ko òjíṣẹ́ Olúwa.

Ọ̀rọ̀ ìwòsàn ti pẹ́ nínú ìtàn wa, ó sì yẹ kí a fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Nígbà tí ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, ní 1930, látọwọ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, omi àdúrà ni wọ́n fi ń wo àìsàn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rí ìwòsàn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn aṣíwájú ìjọ Àpọ́sítélì wá láti Britain láti dara pọ̀ mọ́ wọn. Kò pẹ́ tí aáwọ̀ fi dé: àwọn òyìnbó ń lo kúnínì fún ibà, àwọn bàbá wa sì gbà pé kò yẹ kí ẹni tó ń wàásù ìwòsàn Ọlọ́run fi ẹnu kan oògùn. Wọ́n pínyà, ìjọ CAC sì fìdí múlẹ̀, ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní 1943. Ìgbàgbọ́ àwọn bàbá wọ̀nyẹn kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ara tiwọn ni wọ́n fi ń jẹ́rìí sí i.

Ohun tó yàtọ̀ lónìí ni pé ara ẹlòmíràn ni à ń fi jẹ́rìí. Ní 2011, BBC gbé e jáde pé ó kéré tán, ènìyàn mẹ́ta tó ní kòkòrò HIV ní London ló kú lẹ́yìn tí pásítọ̀ wọn ní kí wọ́n má lo oògùn mọ́. Pásítọ̀ ló sọ ọ́, ọmọ ìjọ ló kú. Nínú ìjọ wa ní Plumstead, nọ́ọ̀sì pọ̀ lọ jàra. Àwọn kan á ti ilé ìwòsàn Queen Elizabeth dé láàárọ̀, wọn a bọ́ aṣọ iṣẹ́, wọn a wọ aṣọ akọrin. Ẹ̀bùn ìwòsàn àti ẹ̀bùn ọgbọ́n, Ẹ̀mí kan náà ló ń fún wa. Mo ti gbọ́ kí wòlíì kan gbàdúrà fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru, kó gbé ọwọ́ lé e lórí gidi gan-an, kó sì sọ fún un pé, “Oògùn yín, ẹ má fi í sílẹ̀ títí dókítà fúnra rẹ̀ á fi ní kí ẹ dá a dúró.” Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé wòlíì yẹn kò nígbàgbọ́.

Báwo la ṣe lè mọ ẹni tó ní ẹ̀bùn yìí? Ó máa ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ̀ á lè dá dúró lẹ́yìn náà. Kò ní sọ ọ́ di ẹni tí kò lè ra bàtà láì pe wòlíì. Àṣírí tó bọ́ sí i létí kì í di kókó ìwàásù lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó sì ń gbà kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Ìwé Mímọ́ sọ̀rọ̀ nípa obìnrin púpọ̀ tó ní ẹ̀bùn yìí: Ábígẹ́lì tó fi búrẹ́dì àti ọ̀rọ̀ tútù dá ọwọ́ Dáfídì dúró kó má baà tàjẹ̀ sílẹ̀, obìnrin ọlọ́gbọ́n ará Tékóà, èyí tó dúró lórí odi ìlú Ábélì tó bá balógun sọ̀rọ̀ tí wọn kò fi run ìlú. Nínú ìjọ wa náà, àwọn ìyá ló ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí láìsí oyè. Kí pásítọ̀ ya wákàtí sọ́tọ̀ fún wọn, kí ó dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ lórí ààbò ọmọdé àti àṣírí, kí ó sì máa gbàdúrà fún wọn ní gbangba bó ti ń gbàdúrà fún àwọn akọrin.

Àwọn ọ̀dọ́ ńkọ́, àwọn tí wọ́n bí sí Thamesmead tí wọ́n mọ òfin ibí ju àwa lọ? Ìjọ tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ju £5,000 lọ ní England gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Charity Commission, àfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ní alábòójútó. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ, pásítọ̀, ìyàwó rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ ni. Kí wọ́n mú ọmọbìnrin oníṣirò-owó tó ń jókòó sí ìlà kẹta yẹn sí i, èyí tó ń bèèrè ìbéèrè tí kò bá àwọn àgbà lára mu. Kí wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí níwájú ìjọ, bí àwọn àpọ́sítélì ti gbé ọwọ́ lé àwọn méje, kí wọ́n sì fún un ní ìwé owó lọ́jọ́ náà gan-an.